Ta Ni Ó Ni Ìta? Ọ̀rọ̀ lórí Ìmọ́tótó Àdúgbò àti Iṣẹ́ Àtinúwá

Nínú agbo ilé Yorùbá ti àtijọ́, kò sí ẹni tí í béèrè ẹni tí yóò gbá ilẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọdébìnrin ti mú ọwọ̀, wọ́n ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti gbá àgbàlá, wọ́n sì ti gbá iwájú ilé títí dé ibi tí ilẹ̀ agbo ilé náà pin sí. Ibi tí ọwọ̀ agbo ilé kan bá dúró, ibẹ̀ ni ti èkejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni àdúgbò ṣe ń mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe ìpàdé lé e lórí. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta lónìí, inú ilé mọ́ tónítóní, ìta sì kún fún pàǹtírí. Ẹni tí ó fi aṣọ nu fèrèsé rẹ̀ ní òwúrọ̀ náà ni ó ń ju ọ̀rá omi sínú gọ́tà ní ọ̀sán, kò sì rò pé òun ṣe ohun méjì tí ó tako ara wọn.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ààtàn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ará àtijọ́ kì í da ìdọ̀tí sí àyíká wọn rárá. Wọ́n ń dà á. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ààtàn tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Eérú, èèpo iṣu, háhá àgbàdo, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, ìyẹ́ adìẹ àti àfọ́kù ìkòkò ni ó ń bẹ níbẹ̀. Bí a bá yọ àfọ́kù kúrò (àwọn kan tilẹ̀ ń padà lọ ṣa èyí tí ó bá dára nínú rẹ̀ láti fi fọn iná), kò sí ohun kan níbẹ̀ tí kì í jẹrà. Ewúrẹ́ ń jẹ̀ lórí rẹ̀, adìẹ ń tan ín, òjò ń rọ̀ sí i, láàárín oṣù mélòó kan ó ti di ilẹ̀dú. Ìdí nìyí tí ìbẹ́pẹ, tẹ̀tẹ̀ àti tábà fi máa ń ṣe dáradára létí ààtàn. Ohun tí ilé kọ̀ ń gba ibẹ̀ padà wá di oúnjẹ.

Ọ̀rá ni ó ba ètò yìí jẹ́. Nígbà tí ó jẹ́ pé ewé eéran tàbí ewé gbòdògì ni ọlọ́jà fi ń di nǹkan fún ènìyàn, ẹni tí ó jẹun tán tí ó sọ ewé sí ẹ̀bá ọ̀nà kò ṣe ìlú ní ibi kan tí ó pọ̀. Ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́, bí ewúrẹ́ kò bá sì jẹ ẹ́, ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́. Ọmọ-ọmọ ẹni náà ń ṣe ohun kan náà gan-an, ó ń fi ọwọ́ kan náà sọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá omi ni ó ń sọ sílẹ̀, ewúrẹ́ tí ó bá sì jẹ ìyẹn, ó lè kú. Ìwà kò yí padà. Ohun tí ọwọ́ ń sọ sílẹ̀ ni ó yí padà. Àwọn tí wọ́n máa ń wí pé àwọn ènìyàn ayé ìsinsìnyí ti di ọ̀bùn ju àwọn baba wọn lọ ń bá wọn wí lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a ń bá wí bẹ́ẹ̀ mọ̀ nínú ara wọn pé àwọn kì í ṣe ọ̀bùn, wọn kì í sì í gbọ́.

Ibi tí omi bá gbà ni ọ̀rá ń gbà. Láti ojú títì dé inú gọ́tà, láti inú gọ́tà dé odò, níbi tí afárá kékeré kan bá wà, ibẹ̀ ni yóò ti dúró tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ yóò fi kó lé e. Kò sí ìlú tí ó mọ èyí ju Ìbàdàn lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá kan. Ènìyàn tí ó lé ní 200 kú, ilé àti dúkìá tí ó bá a lọ kò sì níye. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò àti pàǹtírí tí wọ́n dà sínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn náà, ìjọba fi kankéré kọ́ ojú odò náà kí ó lè máa ṣàn geere. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì tún bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí omi ń gbé lọ kì í ṣe ẹni tí ó da ìdọ̀tí sódò. Òkè ni wọ́n ti ń dà á. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń pani.

Ní ti àrùn, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ tí àwọn olùkọ́ máa ń dà pọ̀. Ẹ̀fọn tí ó sábà máa ń pọ̀ nínú gọ́tà onídọ̀tí kọ́ ni olórí ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri. Ẹ̀fọn ibà fẹ́ràn omi mímọ́ tí oòrùn ń tàn sí, irú èyí tí ó máa ń dúró nínú ipa ẹsẹ̀ àti ipa táyà mọ́tò lẹ́yìn òjò. Agolo òfìfo, táyà tí a ti lò tì, àti ike tí ó gba omi dúró ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú kiri ń yé sí. Nítorí náà, ẹni tí ó kó gọ́tà ṣùgbọ́n tí ó fi agolo sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kò tí ì parí iṣẹ́. Eku sì ń tẹ̀ lé oúnjẹ tí a dànù, eku ni ó sì ń gbé ibà Lassa wọ ilé.

Yàtọ̀ sí iwájú ilé, àwọn ibi kan wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ tí kì í ṣe ti agbo ilé kan: ọ̀nà oko, ọ̀nà odò, ọjà. Níbẹ̀ ni ìbéèrè tí ó wà nínú àkọlé yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe Yorùbá sábà máa ń da àáró, ọ̀wẹ̀ àti iṣẹ́ ìlú pọ̀ mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àáró jẹ́ gbèsè: ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ro oko lónìí mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ lọ bá wọn ro tiwọn. Ọ̀wẹ̀ jẹ́ ẹ̀bẹ̀: ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé, tàbí tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, a bẹ ọ̀rẹ́ àti ìbátan, a pèsè oúnjẹ àti ẹmu, ẹnikẹ́ni kì í sì í ka ọjọ́ iṣẹ́ náà sí i lọ́rùn. Iṣẹ́ ìlú jẹ́ ojúṣe: baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè a dá ọjọ́, akéde a ké e ká ìlú, àdúgbò tàbí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a gba ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀nà tí wọn yóò ro, ẹni tí kò bá sì wá a san owó ìtanràn.

Bí a bá wò ó fínnífínní, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ onílé ń ṣe lónìí, tí wọ́n jáde ní ọjọ́ Sátidé láti ṣa pàǹtírí ní àdúgbò láìgba owó, ìṣe ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ọ̀wẹ̀ ní olówó rẹ̀: ẹni kan ni ó ń bẹ̀bẹ̀, ẹni kan náà ni ó ń dúpẹ́, nígbà tí ilé rẹ̀ bá sì dé òrùlé, iṣẹ́ parí. Ìta kò ní ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í parí. Bí wọ́n bá fi ọ̀yàyà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, tí ènìyàn 40 jáde, ó lè ṣẹ́ ku 6 ní oṣù kẹrin, àwọn 6 náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àwọn tí wọ́n ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó gbìyànjú láti fi agbára mú ìta mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn tí kòkòrò ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ó sì jà títí di ọdún 1930. Ní ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí ni wolé-wolé di ẹni tí gbogbo ìyá ń bẹ̀rù. Bí ó bá ti yọ ní ìkóríta, wọn a sáré da omi àmù nù kí ó má baà rí tanwíji nínú rẹ̀ kí ó sì pe ènìyàn lẹ́jọ́. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAI kalẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1984, ìmọ́tótó àyíká wá di ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù ti di ọjọ́ ìmọ́tótó ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìn kiri láti aago 7 títí di aago 10 òwúrọ̀. Àwọn kan gbá ilẹ̀ lóòótọ́. Àwọn mìíràn ti ìlẹ̀kùn, wọ́n sùn. Àwọn ọmọdékùnrin sì rí títì tí mọ́tò kò sí gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Èkó dájọ́ pé dídá àwọn ènìyàn dúró sílé lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò bá òfin mu, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fi òpin sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ìdájọ́ náà tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin kúrò, ó hàn gbangba pé ní ibi púpọ̀, ìbẹ̀rù nìkan ni ó ti ń gbá ilẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Estonia, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, wúlò fún ìfiwéra. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2008, nǹkan bí 50,000 ènìyàn jáde níbẹ̀ láìgba owó, wọ́n sì kó nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí kúrò nínú igbó àti ní ẹ̀bá ọ̀nà láàárín wákàtí 5. Láti ibẹ̀ ni ọjọ́ ìmọ́tótó àgbáyé ti ṣẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti yan ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án fún láti ìparí ọdún 2023. Iye ènìyàn náà ni gbogbo ayé ń ròyìn. Èyí tí ó tó ròyìn jù ni pé kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ oṣù rìn káàkiri, wọ́n ti ya ibi tí ìdọ̀tí wà sínú àwòrán ilẹ̀, wọ́n sì ti ṣètò ohun tí yóò kó o àti ibi tí yóò gbé e lọ.

Ètò ṣáájú yìí ni ó sábà máa ń wọ́n ní àdúgbò. Àwọn ènìyàn a jáde, wọn a fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí etí gọ́tà, wọn a ya àwòrán, wọn a sì lọ sílé. Òjò méjì péré, gbogbo rẹ̀ ti padà sínú ibi tí ó ti wá. Kí a tó dá ọjọ́ rárá, ó yẹ kí a ti mọ ọkọ̀ tàbí ọmọlanke tí yóò kó ìdọ̀tí, ẹni tí yóò san owó rẹ̀, àti ààtàn ìjọba tí yóò gbà á. Ìbàdàn ní Lápìtẹ́, Awótán, Ajákáńgà àti Àbá-Èkù. Gọ́tà ní láti jẹ́ kíkó láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, nítorí bí ẹni òkè bá kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀, orí ẹni ìsàlẹ̀ ni omi yóò rọ́ lù. Ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò kì í ṣe fáàrí. Abẹ́rẹ́ àti àfọ́kù ìgò wà nínú ẹrẹ̀ náà. Ike, agolo àti irin ni kí a yà sọ́tọ̀, àwọn tí ń rà wọ́n kò jìnnà. Sísun ọ̀rá níná kò sàn ju dídà á sódò lọ, nítorí májèlé ni èéfín rẹ̀, àdúgbò kan náà ni yóò sì fà á símú. Oṣù kejì sì dára ju oṣù kẹfà lọ, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi.

Lẹ́yìn èyí ni pínpín. Bí wọ́n bá pín ojú títì gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń pín ọ̀nà oko, láti òpó iná yìí dé òpó iná yẹn fún ilé mẹ́rin, ìta yóò tún ní olówó, àìwá ẹnìkan yóò sì hàn láìsí pé ẹnikẹ́ni pariwo.

Ilé-ìwé ni ó yẹ kí ó ṣe èyí jù, níbẹ̀ gan-an ni ó sì ti ń bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pẹ́ dé tàbí tí ó pariwo ní kíláàsì ni a ń ní kí ó lọ ṣa pàǹtírí. Ọmọ tí a bá fi èyí tọ́ fún ọdún 12 ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan dájú: pé ọwọ̀ jẹ́ ti ẹlẹ́ṣẹ̀. Nígbà tí ó bá dàgbà, tí wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ àdúgbò, ojú yóò tì í kí àwọn ojúgbà rẹ̀ rí i níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tún èyí ṣe lè fi ìyà mìíràn jẹ aláìgbọ́ràn, kí ó sì fi ọwọ̀ sí ọwọ́ gbogbo kíláàsì ní yíyípo, olórí akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣa pàǹtírí tán, kí wọ́n kà á ní oríṣiríṣi, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sí ojú pátákó. Bí ọ̀rá omi bá pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, kí wọ́n rán ẹni méjì lọ bá ìyá tí ń ta omi ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, kí wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí àwọn gbé apẹ̀rẹ̀ kan tì í.