Bọ́tìnnì Kò Sọnù, Fèrèsé Ló Kéré

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Mo fi Python àti Tkinter kọ fọ́ọ̀mù tí a ó máa fi kọ èsì àyẹ̀wò sílẹ̀ ní láàbù. Lójú kọ̀ǹpútà tèmi, 1920 × 1080, ó rẹwà gan-an. Ọ̀rẹ́ mi wá ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù tiẹ̀, 1366 × 768. Ó kọ èsì kún inú ẹ̀ tán, ó wá bọ́tìnnì “Tọ́jú” títí, kò rí i. Nígbà tó sú u, ó pa á dé. Iṣẹ́ àárọ̀ kan gbáko di òfo.

Bọ́tìnnì yẹn wà níbẹ̀ o, àmọ́ ó ti bọ́ sísàlẹ̀ kọjá ibi tí ojú lè tó. Èmi ni mo kọ `root.geometry("900x1000")`, tí mo tún fi `root.resizable(False, False)` tì í pa. Báwo ni fèrèsé tó ga ní píksẹ́lì 1000 ṣe máa wọ ojú kọ̀ǹpútà tó ní 768 péré?

Tí egúngún bá ń kọjá ní títì, tó o sì ń yọjú lójú fèrèsé, ṣé gbogbo títì lo máa rí? Rárá. Ìwọ̀n fèrèsé lọ́tọ̀, ìwọ̀n òde lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà.

Nínú Tkinter, Frame ò lè ṣe skrọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀. Canvas ló lè ṣe é. Torí náà, fi `create_window` gbé Frame sínú Canvas, kó o so Scrollbar mọ́ Canvas náà. Lẹ́yìn náà, sọ bí òde ṣe tóbi tó fún un:

`canvas.configure(scrollregion=canvas.bbox("all"))`

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Tó o bá sọ ọ́ kí àwọn àpótí fọ́ọ̀mù tó wọlé, Canvas máa gbà pé òde ṣófo. So ó mọ́ `<Configure>` ti Frame, kó lè máa tún un wọ̀n nígbàkigbà tí Frame bá yí ìwọ̀n padà.

Nọ́ńbà méjì péré ni Canvas ń fi ránṣẹ́ sí Scrollbar. Tí fọ́ọ̀mù bá ga ní 1000, tí ojú sì ń rí 500, 0.0 àti 0.5 ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá kékeré tó ò ń fà fi gba ìdajì ọ̀nà ẹ̀. Tó o bá fà á dé ìsàlẹ̀, ó di 0.5 àti 1.0.

Ní tèmi, mo ti yọ bọ́tìnnì “Tọ́jú” kúrò nínú Canvas. Mo fi `pack(side="bottom")` gbé e kalẹ̀ ṣáájú Canvas, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni pack ń fún láàyè. Kó o tó gbé prógíráàmù ẹ fún ẹnikẹ́ni, fa fèrèsé ẹ̀ kó kéré ná. Ṣé bọ́tìnnì ṣì wà lójú?