Ìdí tí Ọjà'ba fi súnmọ́ ẹnìkan, tó sì jìnnà sí ẹlòmíràn

Máàpù orí fóònù yóò sọ pé láti oríta Ìdí Arère dé Ọjà'ba, ní Ìbàdàn, ìrìn ẹsẹ̀ kékeré ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ lọ́wọ́ òfìfo yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, tó tún ru èlùbọ́, kò ní gbà. Ọ̀nà kan náà mà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀ o.

Lọ́dún 1959, Walter Hansen, ará Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan kalẹ̀ láti fi ṣírò bí ibì kan ṣe rọrùn dé tó: iye ohun tó wà níbi tí èèyàn ń lọ, àti bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí i tó. Àwọn tó ń ṣètò ìlú ṣì ń lò ó. Ní 2016, Katrin Lättman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Karlstad, ní Sweden, mú ọ̀nà mìíràn wá: ẹ bi ẹni tó ń rìnrìn àjò fúnra rẹ̀. Bí o ṣe ń wọkọ̀ báyìí, ṣé ó rọrùn fún ọ láti ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe lójoojúmọ́? Ṣé o lè gbé ìgbé ayé rẹ bó ṣe wù ọ́?

Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ló bá Ìbàdàn àtijọ́ mu. Etí títì ni ìṣirò ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Inú agboolé ni ìrìn àjò tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Fọ́kọ̀ àti Pópóyemọja, èèyàn lè gba àárín ògiri méjì, kó fo gọ́tà, kó tó fojú kan títì. Ọkọ̀ takisí Micra kò lè débẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń pọn aláìsàn tàbí kí wọ́n gbé e jáde. Lẹ́yìn náà ni ìdúró de ọkọ̀: "Bẹẹrẹ kan! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù lè ní láti sọ̀ ní Bẹẹrẹ kó tún wọ òmíràn. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bí ₦190 tó di nǹkan bí ₦500, Adéọ̀yọ́ kò ṣípò. Síbẹ̀, ó túbọ̀ jìnnà sí aboyún tó ń ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ owó oúnjẹ.

Ìdáhùn ẹnu náà lè ṣini lọ́nà, ó yẹ ká sọ ọ́. Ẹni tó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé ìwòsàn UCH kì í ṣe ibi tóun lè dé, ó lè fèsì pé gbogbo ibi tóun ń lọ ló rọrùn, nítorí pé Ọjà'ba àti ọjà Bódè nìkan ló ń lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ kò gbọdọ̀ mọ sí ibùdókọ̀. Àwọn tí ọ̀nà ti le fún jù kò sí níbẹ̀. Inú agboolé ni kó ti lọ bá wọn, kó sì bi wọ́n léèrè ibi tí wọn kì í lọ mọ́.