Níbo Ni Iṣẹ́ Tí A Dáwó Fún Dé Dúró?

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé níbikíbi tí àwọn ọmọ Yorùbá bá tẹ̀dó sí, ìbáà ṣe Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Mínnà tàbí Pọtakọ́ọ̀tù, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń dáwó jọ láti kọ́ ilé ìwé, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ìwòsàn fún àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ilé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun kan wà tí ó lè tètè tú ẹgbẹ́ ká ju àìlówó lọ, òun náà sì ni àìmọ ibi tí iṣẹ́ dé dúró.

Mo wà níbi ìpàdé ẹgbẹ́ kan ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù, ní ìlú ńlá kan ní ìhà Àríwá. Ilé ìwòsàn kékeré ni wọ́n ń kọ́ ní ilé. Ìyá àgbà kan tí ó ń ta ata dìde, ó kí àwọn olóyè ẹgbẹ́, ó ní: "Akọ̀wé, ọmọ mi, láti ọdún tí ó kọjá ni mo ti ń san owó mi ní oṣooṣù. Níbo ni iṣẹ́ náà dé dúró?" Akọ̀wé yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó ní: "Ẹ má bínú, Ìyá. Ó wà nínú WhatsApp, mo ń wá a." Ó wá a títí. Ìkíni ọjọ́ ìbí, àdúrà òwúrọ̀ àti ìkéde òkú ti bo ìròyìn iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó rí fi hàn ni àwòrán ògiri kan tí kò ní ọjọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ bóyá ti oṣù yẹn ni tàbí ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní wọ́n ti kó owó jẹ. Ẹlòmíràn ní òun kò ní san kọ́bọ̀ mọ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, owó tí ó wọlé kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Wọn kò rí owó páànù, òjò sì dé bá ilé náà láìní òrùlé. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé owó wò níkẹyìn, kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó sọnù. Akọ̀wé kò jalè, bẹ́ẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe kò sá lọ. Ohun tí ó fa gbogbo àdánù náà ni pé ìròyìn iṣẹ́ kò tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni owó.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó pẹ́ tí àwọn tí ń darí iṣẹ́ ńlá ti ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa fi ojú kan rí gbogbo iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1896, Karol Adamiecki, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Póláǹdì, ya àtẹ kan tí ń fi hàn bí iṣẹ́ kan ti ń tẹ̀ lé òmíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1915, Henry Gantt ní Amẹ́ríkà ya irú àtẹ bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní. Ní ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì darí iṣẹ́ ní ọdún 1953, kí òṣìṣẹ́ lè fi ojú rí ohun tí ó kàn láti ṣe. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà àti fóònù ni a ti ń lo àtẹ àti káàdì wọ̀nyí. Asana, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, àti Trello, tí ó jáde ní ọdún 2011, jẹ́ méjì tí a mọ̀ dáadáa nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àbójútó iṣẹ́.

Bí a bá ṣí Trello, àtẹ kan ni a ó rí. A ó pín in sí ìlà mẹ́ta: "A kò tíì bẹ̀rẹ̀," "Ó ń lọ lọ́wọ́," àti "Ó ti parí." Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní káàdì tirẹ̀. Lára káàdì yìí ni a ó kọ orúkọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ parí, a ó sì lè so àwòrán àti rìsíìtì mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ bá ti ń tẹ̀ síwájú, a ó máa fi ìka sún káàdì láti ìlà kan sí èkejì. Ètò náà yóò sì máa ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tí ó yí nǹkan padà àti ọjọ́ tí ó yí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀rọ ni yóò bá wa sọ òtítọ́. Ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ ni yóò sọ fún wa. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹgbẹ́ jókòó fi ẹnu kò lórí ohun márùn-ún kí wọ́n tó ṣí àtẹ kankan.

Èkíní, kí a pín iṣẹ́ sí ohun tí ojú lè rí. "Iṣẹ́ ń lọ" kì í ṣe ìròyìn. Ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé, omi, iná, ọ̀dà: kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Káàdì kò gbọdọ̀ wọ ìlà "Ó ti parí" àfi bí ẹni tí ó dúró níwájú ilé bá lè na ìka sí ohun náà.

Èkejì, kí káàdì kọ̀ọ̀kan ní olúwa kan ṣoṣo. Bí a bá kọ "Ìgbìmọ̀" síbẹ̀, a kò tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ènìyàn púpọ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnìkan ni yóò jíhìn.

Ẹ̀kẹta, kí a sọ ìtumọ̀ àwọ̀ ṣáájú. Asana ń lo àwọ̀ ewé fún iṣẹ́ tí ó ń lọ déédéé, ìyeyè fún èyí tí ewu wà fún, àti pupa fún èyí tí ó ti yà kúrò lọ́nà. Kí ẹgbẹ́ fi iye ọjọ́ àti iye owó tì í lẹ́yìn. A lè sọ pé bí iṣẹ́ bá pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí owó rẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé, ó ti di ìyeyè. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di pupa. Báyìí ni àwọ̀ kò fi ní jẹ́ ohun tí akọ̀wé ń fi bí inú rẹ̀ ti rí yàn.

Ẹ̀kẹrin, kí ìròyìn ní ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Bí ìpàdé bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù, kí ìròyìn jáde ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ kò kúrò lójú kan. Kò gbọdọ̀ gùn. Irú èyí tó: "Àwọ̀ ìyeyè. Ní oṣù yìí, a mọ ògiri dé òkè fèrèsé. Ní oṣù tí ń bọ̀, a fẹ́ gbé igi òrùlé gùn. Ìdènà wa ni pé igi ti gbówó lórí. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ìpàdé fọwọ́ sí àfikún owó." Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ó ń jẹ́ kí ìpàdé mọ ìpinnu tí ó yẹ kí ó ṣe.

Ẹ̀karùn-ún, kí owó àti iṣẹ́ máa rìn pọ̀ nínú ìròyìn. Kí akápò kọ iye tí ó wọlé, iye tí a ná àti iye tí ó kù. Bí a bá ti ná ìdá méje nínú mẹ́wàá owó, tí iṣẹ́ kò sì tíì tó ìdajì, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn béèrè ìdí kí owó tó tán. Kí a máa ya àwòrán láti ojú kan náà ní oṣooṣù, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tí ó kọ ìròyìn sì máa lọ fi ojú rí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Hausa mọ èso tí wọ́n ń pè ní kankana. Ẹ̀yìn rẹ̀ dàbí ewé, ṣùgbọ́n bí a bá là á, pupa ni inú rẹ̀. Èso yìí gan-an ni àwọn adarí iṣẹ́ ní òkè òkun fi ń júwe ìròyìn tí ó dára ní ojú ìwé, tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Kí ni ó ń fa irú ìròyìn bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù ni. Bí a bá bú akọ̀wé tí ó kọ pupa ní oṣù yìí, àwọ̀ ewé ni yóò máa kọ títí ilé yóò fi wó. Ẹni tí ó tètè kígbe pé ewu ń bọ̀ ni ó ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ìrànwọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún un, kí a tó bi í léèrè ẹ̀bi.

Àwọn ìmọ̀ràn díẹ̀ kù. Asana àti Trello ní apá tí a kì í sanwó fún, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí ó lè wọ inú rẹ̀ ní ààlà. Nítorí náà, kí àwọn ìgbìmọ̀ kíkọ́lé nìkan wọ inú àtẹ. Kí a fi ìròyìn oṣooṣù ránṣẹ́ sí WhatsApp fún àwọn tí ó kù, kí a sì kà á sókè ní ìpàdé fún àwọn tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe fi ímeèlì akọ̀wé nìkan ṣí i. Kí ẹgbẹ́ ní ímeèlì tirẹ̀, kí ènìyàn méjì ó kéré tán sì ní àṣẹ lórí rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí fóònù bá sọnù tàbí tí oyè bá yí padà. Bí èyí bá sì pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ kékeré, ìwé ńlá kan lára ògiri, tí a fa ìlà mẹ́ta sí, lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Akọ̀wé kan náà ni wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí àtẹ fún un. Ní ìpàdé kan, ó dìde, ó ní àwọ̀ pupa ni àwọn wà, nítorí páànù tí wọ́n gbé wá kò tó. Kò sí ẹni tí ó pariwo. Wọ́n béèrè iye tí ó kù, wọ́n sì dá a níbẹ̀. Ìyá aláta kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti jókòó báyìí, ìbéèrè rẹ̀ ni: "Akọ̀wé, ọmọ mi, àwọ̀ wo ni a wà lónìí?"

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, ẹni tí ó fi owó òógùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí iṣẹ́ dé dúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.