Aláǹgbá tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Ìṣọ́wóná Pa

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń dúró níwájú àwọn ọmọ, tí mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ka ìlànà kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè, kí wọ́n sì jẹ́wọ́ bí wọ́n bá ṣẹ̀. Ní ìsinmi Kérésìmesì ọdún 2023, n kò ka ìlànà, n kò sì tètè jẹ́wọ́. Ọmọ ọdún 11 kan ni ó gba ìbáwí tí ó tọ́ sí mi, ẹran kékeré kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní òkè òkun, tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ sì lè wà nínú ilé wọn. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kí n sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo lọ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ni ó sì máa ń ṣe. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó sì ní, "Ánkù, ẹ wá wo Àlejò."

Mo rò pé ènìyàn ni. Aláǹgbá ni mo bá nínú àpótí onígíláàsì, ó nà gbalaja sórí òkúta lábẹ́ iná, ó la ẹnu sílẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ títí dé orí ìka. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ẹ̀gún kéékèèké tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé nítorí aláǹgbá ni wọ́n ṣe ń san owó iná? Ní ilé wa, ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Tíṣà, ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n ní ó lè lo ọdún mẹ́wàá, ó sì lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun ni mo ṣe sọ ọ́ ní Àlejò, àlejò tí kò dá ọjọ́ tí yóò lọ."

Ọmọ náà ni ó là mí lóye. Aláǹgbá onírùngbọ̀n ni. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Pogona vitticeps. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ó wà nínú lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, níbi tí oòrùn ti ń mú gidigidi, ni ìran rẹ̀ ti wá. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí a máa kó wọn láàyè láti inú ìgbẹ́ jáde lọ tà, nítorí náà èyí tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ilé àwọn tí ń sìn wọ́n ni ó ti yọ láti inú ẹyin. Ìdílé kan náà ni wọ́n ka òun àti aláǹgbá olórí pupa ti ilé wa sí, òun náà a sì máa mi orí bíi tiwa. Bí ẹ̀rù bá bà á, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ a wú, a sì dúdú bí èédú. Bí èyí tí ó jù ú lọ bá sún mọ́ ọn, a gbé ọwọ́ kan sókè, a sì máa jù ú díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tí ń juwọ́ sí ènìyàn.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, ọmọ náà lọ kí ìyá bàbá rẹ̀ ní Manchester fún ọjọ́ mẹ́rin. Kí ó tó lọ, ó kọ ìlànà sínú pépà kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gíláàsì: iná méjèèjì láti agogo méje àárọ̀ sí agogo méje alẹ́, ìrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ewé lójoojúmọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa iná lọ́sàn-án. Mo ní, "Mo ti gbọ́, ọ̀gá olùkọ́." Ìyá rẹ̀ àti èmi rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìwé owó iná dé. Mo rí i bí ẹ̀gbọ́n mi ti kà á, tí ó mí kanlẹ̀, tí ó sì lọ sùn. Àlejò tí ó bá mọ ìwà hù kì í fẹ́ dá kún ìnáwó onílé, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo iná tí kò bá pọn dandan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àlejò, mo ní ilẹ̀ ti mọ́, kí ni iná ọ̀sán wà fún? Mo fa tábìlì rẹ̀ sún mọ́ ojú fèrèsé kí ó lè yá oòrùn, mo sì pa iná méjèèjì. Ní ti oúnjẹ, dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo da ìrẹ̀ púpọ̀ sínú àpótí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní kí ó máa jẹ wọ́n bí ebi bá ti ń pa á.

Ní ọjọ́ kìíní ó jẹun. Ní ọjọ́ kejì kò jẹ púpọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó dùbúlẹ̀ sí igun àpótí, ó di ojú, mo sì ní ó ń sinmi ni. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́ pé gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ nípa ènìyàn. N kò mọ̀ pé mo tún ní láti fi í wo aláǹgbá fúnra rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà dé. Kò tíì bọ́ kóòtù tí ó fi dé ìdí àpótí. Ó fọwọ́ kan Àlejò, ó tutù. Ó gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìrẹ̀ sì ti gé orí ìrù rẹ̀ jẹ. Ọmọ náà kígbe. Ìyá rẹ̀ tí ń múra iṣẹ́ sáré wọlé, ó rí iná tí a pa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí: "Ṣé mo ò sọ fún ọ? O ò tíì tó ẹran sìn! O pa iná, o fi í sílẹ̀ lọ gbafẹ́. Bí ó bá yè, n ó fi fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tọ́jú."

Ọmọ náà wò mí. Ó wo pépà tí ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó wá dojú kọ ilẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì." Wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọdé kì í tú àṣírí àgbà, kò sì tú tèmi. Èmi tí mo jẹ́ àgbà, tí mo jẹ́ olùkọ́, mo dákẹ́. N kò rí oorun sùn ní òru ọjọ́ náà.

Bí ilẹ̀ ti mọ́ a gbé Àlejò lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko kan tí ó mọ̀ nípa irú wọn, nítorí kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ni ó mọ̀ ọ́n. Obìnrin ni. Ó wọn ìwúwo rẹ̀, ó rọra tẹ àgbọ̀n rẹ̀ wò, ó sì béèrè pé, "Wákàtí mélòó ni iná rẹ̀ fi ń tàn lójúmọ́?" Ọmọ náà tún wo ilẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Dókítà, èmi ni mo pa iná náà fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ọmọ yìí kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, n kò kà á sí." Ẹ̀gbọ́n mi yíjú wò mí, kò sọ ohunkóhun.

Dókítà náà kò bá mi jà, àlàyé ni ó ṣe. Ó ní ara ẹran yìí kì í mú ooru jáde fúnra rẹ̀ bíi tiwa. Ibi tí ó bá jókòó sí ni ó ti ń gba ooru. Bí ara rẹ̀ kò bá gbóná, oúnjẹ kò lè dà nínú ikùn rẹ̀. Ìrẹ̀ tí ó jẹ ní ọjọ́ kìíní, inú ikùn tútù ni wọ́n jókòó sí. Oòrùn ojú fèrèsé tí mo gbé e sí kò sì wúlò fún egungun rẹ̀, nítorí gíláàsì kì í jẹ́ kí ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní UVB kọjá.

Ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ tí ń gbọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin. Ó béèrè ọjọ́ orí iná gígùn tí ó wà nínú àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi ní àlòkù ni òun ra àpótí náà, tiná tiná ni ẹni tí ó tà á gbé e fún òun, kò sì sí ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀ rí. Dókítà ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iná UVB lè máa tàn lójú ènìyàn, kí ìtànṣán tí ẹran ń fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀; bí ẹni tí ó ṣe é bá ti wí ni a ó máa pààrọ̀ rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Láìsí ìtànṣán yìí, ara ẹran náà kò lè ṣe fítámìn D3. Láìsí fítámìn yìí, kò lè lo kálṣíọ̀mù inú oúnjẹ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ láti inú egungun ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ a máa gbọ̀n, àgbọ̀n a rọ̀, egungun a wọ́. Ọmọdé wọn ni ó tètè ń mú, nítorí wọ́n ń dàgbà kíákíá. Wọ́n ya fọ́tò egungun Àlejò, kò sí èyí tí ó ṣẹ́. Ó ní a tètè gbé e wá, ó sì fún wa ní oògùn.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀gbọ́n mi. Òfin ìtọ́jú ẹran tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 fún England àti Wales kò gbà kí a ta ẹran fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì ń sin ẹran, àgbà tí ń tọ́ ọmọ náà ni òfin yóò mú bí ìtọ́jú bá kù díẹ̀ káàtó.

Nínú mọ́tò, mo bẹ ọmọ náà níṣojú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ó ti tán, Ánkù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ka pépà." Ìyá rẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́, ó sì ní òun kò ní fi Àlejò tọrẹ mọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Àlejò méjì ni mo gbà sílé, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni kò gbọ́ràn."

Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo kọ́ lẹ́sẹẹsẹ, fún ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ooru. Apá kan àpótí ni a ó mú gbóná, nǹkan bíi dígírí 38 sí 42 lórí òkúta tí ó ń yá oòrùn. Apá kejì a wà ní nǹkan bíi 22 sí 26, kí ó lè máa lọ kí ó máa bọ̀ bí ara rẹ̀ bá ti ń fẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ ra ẹ̀rọ tí ń wọn ooru. Ní alẹ́ ẹ pa iná, nítorí òun náà nílò òkùnkùn láti sùn.

Èkejì, iná UVB fún wákàtí 10 sí 12 lójúmọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí ara rẹ̀, kí ẹ lè mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, oúnjẹ. Ọmọdé wọn ń jẹ kòkòrò ju ewé lọ. Bí ó bá dàgbà, ewé ni yóò pọ̀ jù. Ìrẹ̀ tàbí eéṣú tí ẹ ó fún un kò gbọ̀dọ̀ gùn ju àyè tí ó wà láàrin ojú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ìwọ̀n tí ó lè jẹ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì kó ìyókù jáde, nítorí ìrẹ̀ tí a fi sílẹ̀ lè gé e jẹ. Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun kálṣíọ̀mù sí wọn lára bí dókítà bá ti wí. Sípínáàsì kò dára fún un lójoojúmọ́, nítorí ó ń di kálṣíọ̀mù mú. Májèlé ni píà jẹ́ fún un, tanátaná ẹyọ kan sì lè pa á.

Ẹ̀kẹrin, ilé. Ẹ má da iyanrìn sínú àpótí ọmọdé wọn, ó lè gbé e mì kí ó sì dí i ní ìfun. Ìwé ìròyìn àtijọ́ sàn ju iyanrìn lọ. Ẹyọ kan ni kí ẹ fi sínú àpótí kan, nítorí wọ́n a máa gé ara wọn ní ìka àti ìrù jẹ, ìrù wọn kì í sì í hù padà bíi ti ọmọńlé. Èyí tí ó bá dàgbà ń fẹ́ àpótí tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120.

Ẹ̀karùn-ún, ọwọ́ yín. Kòkòrò àrùn Salmonella lè wà lára rẹ̀ kí ara òun fúnra rẹ̀ sì le, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e, kí ẹ má sì fọ nǹkan rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́.

Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní ọjọ́ kẹta lábẹ́ iná tuntun tí èmi fúnra mi sanwó rẹ̀. Kí ó tó di Ọdún Àjíǹde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ọmọ náà a máa fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ní ilé ìwé wa, ní òwúrọ̀ ọyẹ́, mo máa ń rí àwọn aláǹgbá lára ògiri tí oòrùn ti kọ́kọ́ ń dé. Wọn kì í sáré, wọn kì í jẹun, títí ara wọn yóò fi gbóná. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi láti ìgbà èwe mi, n kò fiyè sí i rí. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹran tí kò lè fọhùn bá wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ máa wò ó dáadáa lójoojúmọ́. Bí ọmọdé tí ó mọ̀ ọ́n jù yín lọ bá sì kọ ìlànà lé yín lọ́wọ́, ẹ kà á.