Ṣé o mọ̀? Èpò tó bá irúgbìn ẹlòmíràn wọ̀lú

Ewé Akíntọ́lá tí àwọn àgbẹ̀ Adja-Ouèrè ní orílẹ̀-èdè Benin ń fi àdá bá jà kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa rárá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Àárín irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá sí Nàìjíríà láti Ceylon, Sri Lanka òde òní, ní nǹkan bí ọdún 1937 ló fara pamọ́ sí wọlé. Igi ni wọ́n fẹ́ gbìn, èpò ló bá a hù.

Irú ewu bẹ́ẹ̀ tún yọjú ní 2020: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Amẹ́ríkà rí irúgbìn tí wọ́n ní àwọn kò béèrè fún gbà nínú lẹ́tà, púpọ̀ rẹ̀ láti Ṣáínà. “Ohun ọ̀ṣọ́” ni wọ́n kọ sára àwọn àpò kan (ta ló ń fi irúgbìn kábéèjì ṣe yẹtí?). Ìjọba ibẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín.

Bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ rẹ, má ṣe dà á sórí ààtàn, torí ibẹ̀ gan-an ni yóò ti tètè hù. Gbé e fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, tàpò-tàpò.