Ẹrù Tó Ń Lọ Àbíjàn: Ohun Tí Aṣọ́bodè Yóò Bèèrè

Láti Ọlá ní agbègbè Èjìgbò dé Àbíjàn, ẹnubodè mẹ́rin ni ọkọ̀ ń là kọjá: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji tí a fi ń wọ Tógò, Aflao lẹ́yìn Lómé, àti Elubo níbi tí ilẹ̀ Gánà parí sí. Agbolé wo ní agbègbè yìí ni kò ní èèyàn ní Kọdifuá? Ọ̀rọ̀ yìí kan ìyá olókẹ́ irú kan bó ṣe kan oníṣòwò tó háyà odidi tírélà.

Ẹrù tó kàn ń kọjá kì í san owó bodè fún orílẹ̀-èdè tó ń gbà kọjá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní Kútọnu lọ́dún 1982 ló fi í lélẹ̀. Àwọn elédè Faransé ń pe ètò náà ní TRIE. Àmọ́ a kì í fi ẹnu lásán sọ pé ẹrù ń kọjá. Aṣọ́bodè ibi tí ẹ ti gbéra yóò kọ ẹrù sínú ìwé, yóò ti ọkọ̀ pa, yóò sì fi èdìdì sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Èdìdì yìí ní nọ́ńbà. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, ẹ fi wé ti inú ìwé kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ̀yin lẹ máa rojọ́ lẹ́nubodè. Ẹ tún gbọ́dọ̀ ní onídùúró tí yóò san owó bodè bí ẹrù bá pòórá lọ́nà.

Bí èdìdì bá já nínú jàǹbá ọkọ̀, ẹ má ṣe so ó padà fúnra yín. Ẹ pe aṣọ́bodè tàbí ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibẹ̀ kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹrù orí bọ́ọ̀sì èrò kò sí nínú ètò èdìdì yìí. Ẹ kọ orúkọ sára àpò yín, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Aṣọ òkè àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí a ṣe nílẹ̀ wa kì í san owó bodè láàárín ECOWAS, wọn kò sì nílò ìwé ẹ̀rí orírun. Ọjà ilé-iṣẹ́ ńlá ló nílò rẹ̀. Àgbàdo ní tirẹ̀, Nàìjíríà kò gbà kí ẹ kó o jáde.

Nígbà àbọ̀, òkìrìkà, ìrẹsì òkèèrè àti mọ́tò kò gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ní Àbíjàn kí wọ́n tó náwó sí i.