Ẹ̀yin Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ṣé Ẹ Ti Wo Gééjì Lónìí?

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Ọjà'ba, ohùn ẹ̀rọ ìlọta kò ní í pẹ́ dé etí. Ìyá kan gbé ata wá, èkejì gbé èlùbọ́ wá, ọmọdé kan dúró ti ike ẹ̀wà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fi dín àkàrà. Láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrúnká, àti yíká ẹsẹ̀ òkè Màpó, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń jẹun lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, ìyá ẹlẹ́rọ nìkan kọ́ ni ọjà rẹ̀ bàjẹ́. Alákàrà àti alámàlà náà pàdánù.

Ẹ̀rọ kì í sábà ṣàdédé kú. Bí mẹkáníìkì bá wí pé, "Alhaja, ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì," owó àtúnṣe lè gbé èrè ọ̀pọ̀ oṣù lọ. Ohun tí ó sì fà á lè jẹ́ ọ́ìlì díẹ̀ tí a kò rántí bù kún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi odó ṣe àpẹẹrẹ. Písítìn ni ọmọ odó: ó ń lọ sókè sódò nínú ihò irin tí ó há mọ́ ọn. Apá irin kan so ó mọ́ kíráńkì, ọ̀pá wíwọ́ tí ó ń sọ lílọ sókè sódò náà di yíyí, kí bẹ́líìtì lè yí ọlọ. Bíárìn sì ni kíráńkì jókòó lé. Ẹ́ńjìnnì Lister àtijọ́, èyí tí wọ́n ń rọ irú rẹ̀ ní Íńdíà, ń yí ní ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan, ó di ìgbà 39,000! Jẹnẹrétọ̀ ilé tilẹ̀ ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Irin wo ni yóò máa ha irin bẹ́ẹ̀ tí kò ní í jóná?

Ọ́ìlì ni ó ń làjà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, ohun kan bí ṣíbí wà ní ìsàlẹ̀ apá písítìn. Bí kíráńkì ti ń yí, ṣíbí náà ń gbá ọ́ìlì, ó ń ta á sí ara ihò písítìn àti sí bíárìn. Kíráńkì yóò wá máa léfòó lórí ọ́ìlì tí ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, irin kò sì ní í kan irin. Ọ́ìlì yìí náà ni ó ń gbé ooru àti ẹ̀gbin kúrò.

Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá fà, afẹ́fẹ́ ni ṣíbí yóò máa bù. Bíárìn, tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi irin rírọ̀ ṣe kí ó lè jẹ ìyà fún kíráńkì, ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó kan kíráńkì fúnra rẹ̀. Kò-kò-kò tí ẹ ń gbọ́ nígbà náà, ẹkún ni. Bí èéfín aláwọ̀ aró bá sì ń jáde, ó ṣeé ṣe kí ríǹgì písítìn ti jẹ, kí ẹ̀rọ sì máa jó ọ́ìlì.

Ti ọkọ̀ Micra tí a ń wọ̀ kiri Ìbàdàn yàtọ̀: pọ́ǹpù ni ó ń ti ọ́ìlì gba ihò tí a lu sínú kíráńkì. Bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn níwájú awakọ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òyìnbó ń ra epo pupa lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ń fi lára rẹ̀ pa ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe da epo pupa sínú ẹ́ńjìnnì lónìí o! Ooru yóò sọ ọ́ di ohun kíki.

Kí ni kí a ṣe? Láràárọ̀, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, tí ó dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fa gééjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀, ẹ tún fà á yọ. Kí ọ́ìlì wà láàrin àmì méjèèjì. Kí ó má fà, kí ó má sì kún jù. Bí ẹ bá tan án, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó da ata sí ọlọ, nítorí ọ́ìlì ti ṣàn sílẹ̀ lóru.

Ìwé ẹ́ńjìnnì GX ti Honda sọ pé kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí 20, lẹ́yìn náà ní wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà, èyíkéyìí tí ó bá ṣáájú. Ẹni tí ó ń lọ ata fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ kẹtàlá ni 100 rẹ̀ pé. Kí ó má dúró de oṣù mẹ́fà! Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá gbàgbé pípò náà, písítìn yóò gan. Kọ́ńdẹ́mù tí ẹ bá dà jáde, ẹ má ṣe dá a padà sínú ẹ̀rọ, ẹ má sì dà á sí gọ́tà tí ó ń ṣàn lọ sí odò Kúdẹtì.

Ẹ má fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ nìkan. Ìyá tí ó lè tọ́ ọbẹ̀ wò kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó lè wo gééjì kí ó tó tan ẹ̀rọ.